Òfin Tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Kò Ṣe

Ẹ ṣí fọ́ọ̀mù ìjọba èyíkéyìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àmì pupa kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpótí tí wọ́n ní kí ẹ kọ nǹkan sí. Orúkọ bàbá, àmì pupa. Ọjọ́ ìbí, àmì pupa. Nọ́ńbà fóònù, àmì pupa. Ímeèlì, àmì pupa. Ohun tí àmì yẹn ń wí ni pé bí ẹ kò bá ní ohun tí wọ́n béèrè, ibi tí ẹ dé náà nìyẹn. Kò sí akọ̀wé tí ẹ lè bẹ̀, kò sí ọ̀gá tí ẹ lè wọlé lọ bá. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò ní dáhùn.

Èmi wà lára àwọn tó ń fi àmì náà síbẹ̀. Iṣẹ́ sọ́fítíwíà ni mò ń ṣe, LAUTECH ni mo ti kọ́ ọ, Ògbómọ̀ṣọ́ náà ni mo sì jókòó sí tí mo fi ń ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni àwọn tó ni iṣẹ́ wà. Ìwé tí aráàlú máa ń tìtorí rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Sẹkitéríàtì ní Àgọ́dì, tí wọ́n á dé ibẹ̀ kí wọ́n ní ẹni tó máa fọwọ́ sí i kò sí nílé, òun la fẹ́ kí wọ́n lè gbà láti ìlú wọn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba tí à ń bá ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju ti ilé-iṣẹ́ kan lọ.

Ohun náà ni pé àwa tó ń kọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, fún ìjọba, òfin là ń ṣe. Aṣòfin 32 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, aráàlú ló sì dìbò yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí àbá kan tó di òfin, wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á jiyàn lé e lórí, gómìnà á wá fọwọ́ sí i. Àmì pupa, ìlà kan péré ni nínú kọ́ọ̀dù. Ẹni tó kọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀, ọ̀sán ò ní tíì pọ́n tí yóò ti máa dá àgbẹ̀ padà ní Ṣakí, kò sì sẹ́ni tó dìbò yàn án.

Bàbá kan ló là mí lójú sí i. Bàbá náà kò mọ kọ́ọ̀dù. Iṣẹ́ fáìlì ló ti ń ṣe láti ayé tapùréètà. Wọ́n pè é sí ìpàdé kan tí a ti ń wo fọ́ọ̀mù tó bá sọ́fítíwíà tí ìjọba ti rà tẹ́lẹ̀ wá, a fẹ́ mọ ohun tí a máa yí padà nínú rẹ̀. Gbogbo ẹni tó wà níkàlẹ̀ ń sọ̀rọ̀ àwọ̀ àti ibi tí àmì ìjọba máa wà. Bàbá dìde, ó lọ dúró níwájú ògiri tí a gbé fọ́ọ̀mù náà sí, ó fi ìka tẹ̀ lé àpótí kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wá yíjú sí mi: “Ọmọ mi, apá ibo nínú òfin ló ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé yìí ní ímeèlì?”

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Bàbá ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀, ó yọ ojú ìwé kan tó ti gbó nínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba ń tẹ òfin sí, ó gbé e sórí tábìlì. Orúkọ, àdírẹ́sì, iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe àti owó tó máa san, kò sí ohun mìíràn tí òfin náà béèrè. Fọ́ọ̀mù ara ògiri fẹ́ mọ ẹ̀sìn. Ó fẹ́ mọ iye ọmọ. Ó fẹ́ mọ orúkọ bàbá tó bí ìyá ẹni. Gbogbo rẹ̀ ló sì ní àmì pupa.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní àkọsílẹ̀ kan tí mi ò jẹ́ kí iṣẹ́ kankan bẹ̀rẹ̀ láìsí i. Àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Mo máa ń kọ ohun tí à ń béèrè síbẹ̀, ibi tó wà nínú òfin, òṣìṣẹ́ tó ní òun nílò rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tó ká mi lára jù: ẹni tí kò ní in ńkọ́? Bí àyè yẹn bá ṣófo, àmì pupa kò ní wà lára àpótí náà níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ló wà. Àwọn kan ní mò ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ń gba àkókò lóòótọ́, àkókò náà sì tọ́ sí i.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ fún báńkì ní Èkó kì í bá irú èyí pàdé bíi tèmi. Báńkì lè sọ pé ẹni tí fóònù rẹ̀ kò bá gbé áàpù àwọn, kó máa lọ, onítọ̀hún á sì gba báńkì mìíràn lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 33 ló wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sì sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ mìíràn tí ènìyàn lè sá lọ bá. Àwọn díẹ̀ tí oníṣòwò lè gbójú fò, àwọn gan-an ni iṣẹ́ wa.

Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń lọ jókòó sí kafé. Bí ẹ bá mọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ̀ pé láti Tákìé títí dé Under-G, ibi tí wọ́n ti ń bá ènìyàn ṣe fọ́ọ̀mù kò lóǹkà: JAMB, NIN, ìwé ọjọ́ orí, owó ilé-ìwé, owó-orí. Ní ìpàdé, a máa ń ya àwòrán aráàlú tó gbé fóònù dání tó ń ṣe gbogbo rẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí àga. Kafé ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ti ń bá ìjọba pàdé ní tòótọ́, ẹlòmíràn ló sì ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wọn.

Arákùnrin kan tó ní kafé lágbègbè Tákìé gbà mí láyè kí n jókòó tì í. Ìyá kan wọlé, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó tún wá fi ìró wé e. Arákùnrin náà kí i, ó gbé àga fún un, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó béèrè orúkọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè ọjọ́ ìbí, ìyá tú ọ̀rá, ó fa ìwé yọ, ó kà á fún un. Nígbà tó kan ímeèlì, kò tilẹ̀ bi ìyá léèrè. Ìka rẹ̀ kò dúró rárá, ímeèlì tirẹ̀ ló tẹ̀ síbẹ̀. Ó ṣe pásíwọ́ọ̀dù, ó fa ìwé kan yọ lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù, ó kọ orúkọ ìyá sí i, ó kọ pásíwọ́ọ̀dù náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ní: “Mọ́mì, bí wọ́n bá tún ní kí ẹ wá ṣe nǹkan, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi o, ibí ló wà.” Ìyá súre fún un títí ó fi jáde.

Mo béèrè nípa ìwé náà. Ó gbé e sókè kí n rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó nípọn, etí rẹ̀ ti ká kò, sẹ́lótéèpù ló di ẹ̀yìn rẹ̀ mú. Mi ò ní kó ṣí i. Ó wò mí, ó ní: “Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n mú ímeèlì wá. Wọn ò ní. Ṣé kí n lé wọn ni?”

Òótọ́ ló sọ. Bí kì í bá ṣe òun àti àwọn bíi tirẹ̀, ìyá yẹn ì bá ti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àmì pupa kan dá sílẹ̀. Lẹ́tà tí ìjọba bá kọ sí ìyá, àpótí ẹlòmíràn ló ń wọ̀. Bí arákùnrin náà bá kó lọ sí Èkó lọ́la, tàbí tí òjò bá pa ìwé rẹ̀, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ìyá lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì jí ìwé náà lè wọlé lórúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó wà ní Ìbàdàn, gbogbo nǹkan dára: kò sí àpótí ímeèlì tó ṣófo, èèyàn á rò pé gbogbo ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń fi ímeèlì kọ̀wé.

Ẹni tó bá mọ ibi tó máa wò ni yóò rí i nínú dátábéèsì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí a gbà sílẹ̀ sí: ímeèlì kan ṣoṣo lórí orúkọ ènìyàn rẹpẹtẹ, gbogbo wọn sì ń gbé ìlú kan náà. Nígbà tí ó hàn, òṣìṣẹ́ kan ní iṣẹ́ jìbìtì ni, kí a ti gbogbo àkáǹtì náà pa. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn arúgbó àti àwọn tí kò kàwé la bá tì síta ní àdúgbò lódindi. Mo ròyìn ohun tí ojú mi rí ní kafé, mo ní kí wọ́n rán ẹnìkan bá mi lọ. Wọ́n rán an, òun náà jókòó, ó wò ó. A kò ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni pa.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, bí a sì ṣe tún un ṣe nìyẹn. Ímeèlì kò pọn dandan mọ́. Ẹni tó ní fóònù lè fi nọ́ńbà rẹ̀ nìkan ṣe é, ìbáà jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò ní fóònù, a ń tẹ ìwé kan jáde fún un tí nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ wà lára rẹ̀, yóò mú un lọ sí ọ́fíìsì kánsù tó bá súnmọ́ ọn. A sì fún oníkafé ní àkáǹtì ti ara rẹ̀, kó lè bá ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù láìsọ ara rẹ̀ di onítọ̀hún. Orúkọ rẹ̀ á wà níbẹ̀ pé òun ló ràn án lọ́wọ́, nọ́ńbà OTP, èyí tí a fi ń mọ̀ pé onítọ̀hún gan-an ni, á sì lọ bá ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ibi tó le níbẹ̀ ni pé ímeèlì ni sọ́fítíwíà náà fi ń dá ènìyàn mọ̀, gbogbo tábìlì dátábéèsì ló so mọ́ ọn. Yíyọ ọ́ kúrò láìjẹ́ kí ìwé ẹnikẹ́ni sọnù, iṣẹ́ òru púpọ̀ ni, torí òru nìkan ni aráàlú kì í fi bẹ́ẹ̀ lò ó.

Ọ̀rọ̀ ìbejì ló dùn mí jù.

Ìpínlẹ̀ wa yìí ni Igbó-Ọrà wà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Ìwádìí tí àwọn oníṣègùn ṣe níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970 rí ìbejì bíi 45 nínú 1,000 ìbí, èyí tó ju ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé lọ fíìfíì. Irú ìpínlẹ̀ báyìí ni wọ́n gbé sọ́fítíwíà kan wá sí, tí ó ní ìlànà pé bí orúkọ bàbá, ọjọ́ ìbí, ọkùnrin tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà fóònù bá ti bára mu, ẹnìkan náà ni, kí ó kọ èkejì. Èrò rere ló wà nínú ẹni tó kọ ọ́. Kò fẹ́ kí ẹnìkan forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè gba ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo wa la sì mọ iye owó ìlú tó ti bá orúkọ àwọn tí kò sí lọ nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bàbá kan ló ni ìbejì, ọjọ́ kan ni a bí wọn, fóònù ìyá wọn kan náà ni wọ́n máa fún akọ̀wé.

Mo wà ní kánsù lọ́jọ́ tí Ìyá Ìbejì kan wá láti ọ̀nà Ìresà-Adú. Ó pọn ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbé ìkejì. Táyé wọlé wẹ́rẹ́. Ó kan Kẹ́hìndé, ìlà pupa kan jáde: a ti forúkọ ẹni yìí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Akọ̀wé tún un ṣe, ohun kan náà ló sọ. Ó sún mọ́ ìyá náà, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ọ̀nà kan wà, kó jẹ́ kí òun fi ọjọ́ kan kún ọjọ́ ìbí Kẹ́hìndé, yóò wọlé. Ìyá ní rárá. Ó ní: “Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ ọmọ mi.” Ó tún ọmọ pọ̀n, ó lọ. Lójú tiwa nílẹ̀ Yorùbá, Kẹ́hìndé ni àgbà. Òun ni kọ̀ǹpútà ìjọba sọ pé kò sí.

Mélòó nínú àwọn ìyá ló ti gbà? Mo wo dátábéèsì, mo rí wọn: orúkọ bàbá kan, fóònù kan, Táyé lónìí, Kẹ́hìndé lọ́la. Nínú wọn, a lè rí àwọn tí ọ̀kan wáyé kí aago méjìlá òru tó lù tí ìkejì wáyé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà a kò lè fọwọ́ ara wa yí ohunkóhun padà. Àwọn ọmọ yẹn á dàgbà pẹ̀lú ọjọ́ ìbí méjì, èyí tí ìyá wọn mọ̀ àti èyí tí ìjọba mọ̀. Láti 2021 ni JAMB kò ti gba ẹnikẹ́ni láìní NIN. Bí ọjọ́ tó wà nínú ìwé kan kò bá bá ti èkejì mu, ọmọ náà á máa wá afidáfíìtì kiri ilé-ẹjọ́, òbí rẹ̀ á máa san owó, nítorí pé ìlà kọ́ọ̀dù kan kò mọ̀ pé ìbejì wà láyé.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ìlànà náà kò gbọdọ̀ kọ ẹnikẹ́ni mọ́. Bí nǹkan bá bára mu, yóò bi akọ̀wé pé ṣé ìbejì ni wọ́n, yóò gba èsì, yóò jẹ́ kí ọmọ wọlé, yóò sì fi orúkọ méjèèjì síbi tí ẹlòmíràn ti máa tún un wò. Bí wọ́n bá dàgbà, ìka ọwọ́ wọn á yanjú rẹ̀, torí ìlà ìka ìbejì kì í rí bákan náà, kódà bí wọ́n bá jọra bí imú ti jọ imú. Kọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbà ju ọ̀sán kan lọ. Ìwé àṣẹ tó máa jẹ́ ká gbé e wọlé ló pẹ́.

Ti orúkọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ wa kì í sábà mọ̀. Lẹ́tà “ẹ́” tó wà nínú Ṣẹ́gun, Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, kò fún un ní nọ́ńbà tirẹ̀ lódidi. “ẹ” ní nọ́ńbà, U+1EB9. Àmì òkè ní tirẹ̀, U+0301. Kíbọ́ọ̀dù kan á to méjèèjì pọ̀. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti orí “e” lásán, á fi àmì abẹ́ kún un, á fi àmì òkè kún un. Òmíràn á mú “é” táwọn Faransé ń lò, á wá fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ènìyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, Ṣẹ́gun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, bí Ṣẹ́gun bá sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù kan tó wá fi òmíràn wá ara rẹ̀, kò ní rí i. Ìlànà tó ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan wà nínú Unicode fúnra rẹ̀, NFC ni wọ́n ń pè é, ìpè kan ṣoṣo ni nínú kọ́ọ̀dù.

Níbi tí wọn kò ti fẹ́ ṣe wàhálà yẹn, wọ́n á kọ ọ́ pé A dé Z nìkan ni kí orúkọ gbà. Mo rí i níwájú bàbá kan tó fara balẹ̀ fi gbogbo àmì sórí orúkọ rẹ̀ lójú fóònù. Ó tẹ bọ́tìnnì, fọ́ọ̀mù dá a lóhùn pé orúkọ rẹ̀ kò tọ́. Ìjọba Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Yorùbá, nílẹ̀ Yorùbá. Kò sí òfin kan ní Nàìjíríà tó sọ pé orúkọ yẹn kò tọ́. Ẹnìkan ló kọ ọ́ sínú kọ́ọ̀dù, bóyá ó tilẹ̀ ń sáré lọ jẹun.

Ti pé kí orúkọ bára mu láti ìwé kan sí èkejì tún wà níbẹ̀. Láti 2014 ni BVN ti wà, NIN ní tirẹ̀, nọ́ńbà 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sì gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Sulaimon níbí, Suleiman lọ́hùn-ún. Orúkọ bàbá ṣáájú níbí, ó kẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ìyàwó ilé wà lórúkọ bàbá rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó wà lórúkọ ọkọ nínú èkejì. Sọ́fítíwíà tó bá ń wá kí lẹ́tà bá lẹ́tà mu ní ṣíṣẹ̀-ń-tẹ̀lé yóò sọ ìdajì ìlú di ayédèrú. A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. A ń wo àwọn orúkọ náà láìka bí wọ́n ṣe tò sí, èyí tí kò bá dá wa lójú, ènìyàn ló máa wò ó.

Àwọn àgbàlagbà Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń fura sí ìforúkọsílẹ̀. Ní 1969, ìjà owó-orí àwọn àgbẹ̀ tí a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà dé ìlú yìí, Ṣọ̀ún tó wà lórí oyè nígbà náà sì bá a lọ. Ẹni tó wà láyé nígbà yẹn kò lè fi ojú yẹpẹrẹ wo kí ìjọba máa kọ orúkọ ènìyàn sílẹ̀. Ní Ìjèrú, bàbá kan gbọ́ gbogbo àlàyé wa tán, ó wá béèrè pé: “Bẹ́ ẹ bá kọ gbogbo ẹ̀ tán, ta ló máa máa rí i?”

Mi ò tíì gbọ́ ìbéèrè tó dáa tó bẹ́ẹ̀ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ kankan. Òfin ààbò dátà ilẹ̀ wa, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023, fún bàbá náà ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a kọ nípa rẹ̀ kó sì ní kí a tún un ṣe. A wá kọ ojú ewé kan fún ìbéèrè rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ àkáǹtì rẹ̀ á rí òṣìṣẹ́ tó ṣí ìwé òun, ọjọ́ tó ṣí i, àti ohun tó ní òun fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo gbàgbọ́ pé kò sí ohun tí a ṣe tó wúlò jù ú lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ, kó wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 2011 ni wọ́n ti ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Government Digital Service, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe fọ́ọ̀mù tó yé ènìyàn. Ní ilẹ̀ kan náà, Post Office, ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lo sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Horizon ní 1999. Ó ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn bójú tó àwọn ẹ̀ka kéékèèké, owó náà kò sì dín. Títí di 2015, ènìyàn tó lé ní 900 ni ilé-ẹjọ́ ti dá lẹ́bi, torí òfin ilẹ̀ náà ní kí adájọ́ gbà pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ àfi bí ẹnìkan bá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Níbo ni màmá tó ń ta sítáǹpù ti fẹ́ rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n. Àwọn kan kú kí wọ́n tó dá wọn láre. Oṣù karùn-ún 2024 ni ilé aṣòfin wọn tó ṣe òfin tó pa ìdálẹ́bi náà rẹ́.

Mo máa ń rántí wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí mo bá ṣí àkọsílẹ̀ àwọn tí fọ́ọ̀mù wa dá padà. Ìdápadà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àti ìdí, ní èdè tí akọ̀wé lè kà sókè fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Kánsù kọ̀ọ̀kan sì ní òṣìṣẹ́ tó lè sọ pé kọ̀ǹpútà ṣì í, kó jẹ́ kí onítọ̀hún kọjá, kó kọ ìdí rẹ̀, kí orúkọ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ náà á fi gba rìbá. Ẹ̀rù náà tọ́, ìdí nìyẹn tí orúkọ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn bà mí lẹ́rù ju akọ̀wé tí a mọ orúkọ rẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ téèsì, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù, kún un, torí owó ló máa ń pa á. Téèsì kan ń gba lẹ́tà 160. Bí ẹ bá fi “ẹ” tàbí “ọ” tàbí “ṣ” ẹyọ kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ó di 70, nítorí àwọn lẹ́tà wa kò sí nínú àkójọ tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí ìjọba tó lè kọ Yorùbá tó péye sí aráàlú, owó rẹ̀ lè ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn kan ní kí a yọ àmì kúrò, àwọn kan ní kí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Mo ní kí ọ̀rọ̀ kúrú, kí ó jẹ́ Yorùbá, kí ó ní àmì, kí ó má kọjá 70. Ó ṣeé ṣe: “Ìwé yín ti jáde. Ẹ lọ gbà á ní kánsù.” Àwọn ìyá tó ń kàwé lédè Yorùbá nìkan ń kà á fúnra wọn.

Èyí tí a ń jà lé lórí báyìí ni ọjọ́ ìbí àwọn àgbà. Òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí tí à ń lò káàkiri Nàìjíríà báyìí, 1992 ló jáde. Ẹni tí wọ́n bí sí oko Oríire ṣáájú ìgbà náà lè sọ fún yín pé òun ti ń rìn nígbà tí Awólọ́wọ̀ gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1955, kò sì mọ ọjọ́, kò mọ oṣù. Fọ́ọ̀mù fẹ́ ọjọ́, ó fẹ́ oṣù, ó fẹ́ ọdún. Akọ̀wé á tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní. Àwọn àgbàlagbà tí dátábéèsì wa sọ pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí wọn pọ̀ débi pé ìlànà tó ń wá ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tún ti ń bínú sí wọn. Àwọn tí kò gbà pẹ̀lú mi ní ọ̀rọ̀ tó ní láárí: àwọn ètò mìíràn tí a so tiwa mọ́ fẹ́ ọjọ́ tó pé. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ISO 8601, ìlànà tí gbogbo ayé fi ń kọ ọjọ́ sínú kọ̀ǹpútà, gbà kí ènìyàn kọ 1955 kó sì dúró síbẹ̀.

Mo ti kọ ìlà tirẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ mi fún ìpàdé tó ń bọ̀. Ibi tó wà nínú òfin: kò sí. Òṣìṣẹ́ tó nílò rẹ̀: ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn àgbàlagbà, kí wọ́n lè mọ ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ẹni tí kò ní in ńkọ́: kó sọ ọdún tó mọ̀, kí akọ̀wé kọ ọ́ pé ìfojúdíwọ̀n ni, kí ó fọwọ́ sí i, kí wọ́n fún un ní ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.